Ṣé Tigers ta John Smoltz lọ́pọ̀ ni?

Ìbéèrè òǹkàwé: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Michigan níbí ni mo ń gbé, Tigers, ikọ̀ bésíbọ́ọ̀lù Detroit, ni mo sì ń tì lẹ́yìn látìgbà tí mo ti dé. Ọkùnrin kan wà níbi iṣẹ́ wa, ará Atlanta, tí kò jẹ́ kí n gbádùn. Ojoojúmọ́ ló ń fi John Smoltz bú mi: pé àwa la ni ọmọ náà, pé àwa la fọwọ́ ara wa gbé e fún wọn ní 1987 nítorí àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Doyle Alexander, pé kò sí pàṣípààrọ̀ ajùbọ́ọ̀lù tó gọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ bá mi dá a. Ṣé lóòótọ́ la fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́? Báwo lèèyàn sì ṣe ń dá irú ẹjọ́ yìí, nígbà tí gbogbo wa ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí, kí n tó máa rojọ́. Pàṣípààrọ̀ ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, ọdún 1987 kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Tigers mọ ohun tí wọ́n ń wá lọ sọ́jà, wọ́n rí i rà, wọ́n sì lò ó tẹ́rùn kí sáà tó parí. Iye tí wọ́n san ló wá ga ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Àléébù wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, àmọ́ kò sí níbi tí ọmọ Atlanta yẹn ń nàka sí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣẹ́jú kan bá àwọn tí kì í wo bésíbọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀. Eré náà pín sí ìpín mẹ́sàn-án. Ikọ̀ kan á máa jù, èkejì á máa fi igi gbá, wọ́n á sì máa gbapò fún ara wọn. Bí ọ̀mì bá wà lẹ́yìn ìpín kẹsàn-án, wọ́n á máa fi ìpín kún un títí ẹnì kan á fi borí. Ajùbọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ eré ló sábà máa ń pinnu ibi tí ọjọ́ yẹn máa fì sí, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò lè gbà á lójoojúmọ́, ó di bíi ọjọ́ karùn-ún kó tó tún jù. Ìdí nìyẹn tí ikọ̀ tó ní ajùbọ́ọ̀lù gidi mẹ́ta ṣì máa ń kiri ẹni kẹrin. Nọ́ńbà tí a fi ń wọ̀n wọ́n ni ERA, ìyẹn iye ayò tí àwọn onígi ń gbà lọ́wọ́ ajùbọ́ọ̀lù nínú ìpín mẹ́sàn-án, lẹ́yìn tí a bá ti yọ èyí tí àṣìṣe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fà. Bó ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Ẹni tó wà ní 3 ń ṣe dáadáa, ẹni tó wà ní 4 kò burú. Tó bá ti kọjá 5, akọ́nimọ̀ọ́gbá á ti máa wo ẹ̀gbẹ́ bóyá ẹlòmíì wà.

Ó yá, jẹ́ ká padà sí 1987. Toronto ni Detroit ń lé. Àwọn tó gba World Series, ìdíje àṣekágbá bésíbọ́ọ̀lù, fún Tigers ní 1984 ṣì pọ̀ nílé: Alan Trammell, Lou Whitaker, Kirk Gibson, Jack Morris, Sparky Anderson sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti ń lọ lórí wọn. Darrell Evans tó ń bá wọn gbá hóòmù rọ́ọ̀nù (bọ́ọ̀lù tí onígi gbá kọjá ògiri) lọ́dún náà ti pé ẹni 40 ọdún. Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń gbàgbé: láyé ìgbà yẹn, ìsọ̀rí méjì péré ni líìgì kọ̀ọ̀kan ní, ẹni tó bá ṣe ipò kìíní nínú ìsọ̀rí rẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀ síwájú. O lè borí eré 96, kó o ṣe ipò kejì, kó o kó ẹrù rẹ lọ sílé. Kò sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹni kejì lè gbà wọlé bíi ti òde òní.

Bill Lajoie, tó ń bójú tó ríra àti títà agbábọ́ọ̀lù fún Tigers, rí i pé ajùbọ́ọ̀lù kan ló kù kí ọbẹ̀ wọn tó jinná. Atlanta, tí sáà náà ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, ní Doyle Alexander. Ẹni 36 ọdún ni, ó ti jẹun lábẹ́ òrùlé ikọ̀ púpọ̀, kì í sì í ṣe pé nǹkan ń lọ geere fún un lọ́dún náà: ó borí 5, ó pàdánù 10, ERA rẹ̀ jẹ́ 4.13. Ẹni tí Atlanta gbà dípò rẹ̀ jẹ́ ọmọ 20 ọdún tó ń jù ní Glens Falls, ní ìpínlẹ̀ New York, ní líìgì kékeré tí wọ́n ń pè ní Double-A. Ọmọ yẹn borí 4, ó pàdánù 10, ERA rẹ̀ jẹ́ 5.68. Iye onígi tó ń jẹ́ kí wọ́n rìn lọ sí béèsì (ibùdó tí onígi ń sá lọ) lọ́fẹ̀ẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye àwọn tó ń jù mọ́lẹ̀. Ìpele 22 ni Tigers ti mú un nígbà tí àwọn ikọ̀ ń yan ọmọ eléré tuntun ní 1985, èyí tó túmọ̀ sí pé gbogbo ikọ̀ tó wà ní líìgì ńlá, tó fi mọ́ Tigers fúnra wọn, ti fojú fò ó ju ìgbà ogún lọ.

Fi ọwọ́ bo orúkọ tó wà lókè àwọn nọ́ńbà yẹn, kó o wá tún wọn kà. Ọmọ ogún ọdún, 4-10, 5.68, kò mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Bí wọ́n bá ní kó o fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ gba ajùbọ́ọ̀lù tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí láti 1971, nígbà tí ikọ̀ rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà ipò kìíní, ṣé o máa sọ pé rárá? Mo mọ̀ pé ọmọ Atlanta yẹn á ní òun máa sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn tí ọjà ti tú ni gbogbo wa máa ń mọ iye tí nǹkan tó.

Ohun tí Alexander wá ṣe ní Detroit yà gbogbo èèyàn lẹ́nu. Eré 11 ni wọ́n fún un bẹ̀rẹ̀, Tigers sì borí gbogbo 11. Òun fúnra rẹ̀ gba 9 nínú ìborí náà sí orúkọ ara rẹ̀, kò pàdánù ẹyọ kan, ERA rẹ̀ sì jẹ́ 1.53. Kò ní eré sísá nínú bọ́ọ̀lù rẹ̀ bíi ti àwọn ọ̀dọ́. Ọgbọ́n ló fi ń jù, ó ń yí i, ó ń fà á sẹ́yìn, àwọn onígi á ti fi igi fẹ́ afẹ́fẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó dé. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Mo fẹ́ kó o wo eré méjì nínú 11 yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ yìí wà. Tigers lọ sí Toronto fún eré mẹ́rin ní ìparí oṣù kẹsàn-án, wọ́n pàdánù mẹ́ta àkọ́kọ́. Toronto fi eré mẹ́ta àti ààbọ̀ ṣíwájú wọn, sáà sì ti ń lọ sópin. Ọjọ́ Àìkú, 27 September, Alexander ló kàn. Ó jù kọjá ìpín kẹwàá, ayò méjì péré ni Toronto rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìpín kẹsàn-án, nígbà tó dà bíi pé ó ti parí, Gibson gbá hóòmù rọ́ọ̀nù tó sọ eré náà di ọ̀mì. Ní ìpín 13, Gibson yìí kan náà ló gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi borí, 3-2. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, Toronto wá bá wọn nílé ní Detroit fún eré mẹ́ta tó kẹ́yìn sáà, wọ́n ṣì fi eré kan ṣíwájú. Ọjọ́ Ẹtì, Alexander tún kàn: Tigers borí, 4-3. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n borí 3-2 ní ìpín 12. Ọjọ́ Àìkú, Frank Tanana kò jẹ́ kí Toronto gba ayò kankan, Larry Herndon gbá hóòmù rọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, ó parí sí 1-0. Gbogbo eré méje tó kẹ́yìn sáà ni Toronto pàdánù.

Detroit parí pẹ̀lú ìborí 98, Toronto ní 96. Ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra rẹ. Bí Tigers bá pàdánù ọ̀kan ṣoṣo nínú eré méjì tí Alexander jù sí Toronto yẹn, àwọn méjèèjì á jọ wà ní 97. Bí wọ́n bá pàdánù méjèèjì, Toronto ló gba ìsọ̀rí náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé bóyá Alexander ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀. Òun ló gbà á fún wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá korò ni pé nígbà tí wọ́n bá Minnesota pàdé nínú ìdíje tó ṣáájú World Series, tí àwọn yẹn kò sì borí ju 85 lọ ní gbogbo sáà, Alexander bẹ̀rẹ̀ eré kìíní àti ìkarùn-ún, ó pàdánù méjèèjì. ERA rẹ̀ nínú ìdíje náà jẹ́ 10.00. Minnesota ló lọ gba World Series. Ká ní Detroit ló gbà á ni, mo fi dá ọ lójú pé ọkùnrin ibi iṣẹ́ rẹ kò ní máa dárúkọ Smoltz sí ọ léti.

Mo ní ẹ̀rí fún ọ̀rọ̀ tí mo sọ yìí. Ní July 2016, Chicago Cubs fẹ́ ajùbọ́ọ̀lù tó máa ń parí eré, wọ́n gba Aroldis Chapman lọ́wọ́ Yankees ti New York, wọ́n sì fi Gleyber Torres, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń tàn jù lọ ní líìgì kékeré wọn, pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn sílẹ̀. Oṣù díẹ̀ péré ni Chapman lò, Yankees kan náà ló padà sí nígbà tí sáà parí. Torres wá di àyànfẹ́ ní New York. Ṣé o ti gbọ́ kí ọmọ Chicago kan máa sunkún lórí rẹ̀? Cubs gba World Series, èyí tí wọn kò tíì gbà láti 1908. Ṣùgbọ́n wo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní eré keje, ní Cleveland, Cubs fi 6-3 ṣíwájú ní ìpín kẹjọ, ẹni méjì nínú mẹ́ta tó yẹ kó jáde ti jáde, wọ́n ní kí Chapman wá parí rẹ̀. Cleveland gba ayò kan, lẹ́yìn náà Rajai Davis gbá bọ́ọ̀lù Chapman kọjá ògiri, ó di 6-6. Òjò rọ̀, wọ́n dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú 17, Cubs padà wá borí 8-7 ní ìpín kẹwàá. Bí Cleveland bá gba ayò kan sí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn, orúkọ mìíràn ni wọn ì bá máa pe pàṣípààrọ̀ Chapman títí di òní, bẹ́ẹ̀ ìpinnu tí wọ́n ṣe ní July kò ní yí padà rárá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹjọ́ méjì ló wà nínú gbogbo pàṣípààrọ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Àkọ́kọ́: pẹ̀lú ohun tí wọ́n mọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àti ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀, ṣé ó bọ́gbọ́n mu? Ìkejì: kí ló wá jáde níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ìdáhùn ìkejì dá àkọ́kọ́. Ẹni tó ta ilẹ̀ ní etí ìlú láti fi san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, tí ìjọba wá la títì gba ibẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún, pàdánù owó lóòótọ́, àmọ́ ọmọ ti jáde ilé-ìwé. Kò tọ́ ká fi owó títì gbéjọ́ tì í, àyàfi tí àmì títì náà bá ti wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tó tà á, tí kò yà wò ó.

Ní ti ẹjọ́ ìkejì, kódà ibẹ̀ náà, àwọn èèyàn kì í ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa. Wọ́n á ní Tigers fi ìborí 213, iṣẹ́ ìparí-eré 154 àti ẹni tó wọ Hall of Fame, ilé ọlá àwọn akọni eré náà, ní 2015 ra eré 11. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ikọ̀ tó ni ọmọ eléré ní àṣẹ lórí rẹ̀ fún sáà mẹ́fà péré ní líìgì ńlá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lómìnira láti lọ síbi tó wù ú, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á san owó ọjà. Smoltz dé líìgì ńlá ní July 1988. Ohun tí Detroit gbé sílẹ̀ gan-an, bí a bá fẹ́ ṣe ìṣirò tó mọ́, ni ọdún tí wọn ì bá fi lò ó lówó pọ́ọ́kú, títí di nǹkan bí òpin 1994.

Kí ló ṣe láàárín àwọn ọdún yẹn? Mo to àwọn nọ́ńbà rẹ̀ jọ: ìborí 78, ìpàdánù 75. Àwọn tó mọ eré yìí á sọ fún mi pé ìborí àti ìpàdánù kì í wọn ajùbọ́ọ̀lù dáadáa, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ó wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún eré All-Star, eré àwọn tó ta yọ jù lọ, ní 1989, 1992 àti 1993, òun ló sì ju onígi mọ́lẹ̀ jù lọ ní líìgì rẹ̀ ní 1992, 215. Ajùbọ́ọ̀lù gidi ni, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n 135 nínú ìborí 213 yẹn dé lẹ́yìn 1994. Àmì ẹ̀yẹ Cy Young tó gbà nígbà tó borí 24 tó sì pàdánù 8, 1996 ni. Lẹ́yìn sáà yẹn gan-an, ó bọ́ sí ọjà, gbogbo ikọ̀ ló lè bá a sọ̀rọ̀, Atlanta sì san owó ńlá kí wọ́n tó dá a dúró. Gbogbo 154 ìgbà tó parí eré fún wọn, láti 2001 lọ sókè ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí ìgúnpá rẹ̀. Ìwọ sọ fún mi: èwo nínú ìyẹn ló jẹ́ ohun ìní Detroit tí Lajoie gbé sọnù ní 1987?

Lápá kejì, Alexander kò dúró lórí eré 11. Ní 1988 ó borí 14, ó pàdánù 11, wọ́n mú un lọ sí All-Star, Tigers sì fi eré kan péré ṣe ipò kejì sí Boston. Ọdún 1989 ló wá bàjẹ́ tán: ìborí 6, ìpàdánù 18, Tigers pàdánù 103, ó sì fi eré sílẹ̀. Àpapọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Detroit jẹ́ 29 sí 29. Bó o bá fi 29-29 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 78-75, Atlanta ló jèrè, kò sí ẹni tó máa jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láàárín ìyẹn àti ìtàn tí wọ́n ń fi pá ọ lórí.

Ohun mìíràn tí mi ò rí ẹni tó ń sọ tó: ta ló ní Smoltz yìí kan náà ni ì bá jáde bó bá dúró sí Detroit? Sáà tó kọ́kọ́ ṣe ní Atlanta, ó borí 2, ó pàdánù 7, ERA 5.48. Atlanta lè fara dà á torí pé àwọn fúnra wọn pàdánù 106 lọ́dún náà. Kò sí ohun tí wọ́n ń bà jẹ́. Ní 1988 kan náà, eré kan ló ya Detroit àti Boston. Ṣé o rò pé Sparky Anderson á máa gbé bọ́ọ̀lù fún ọmọ 21 ọdún tí wọ́n ń nà bẹ́ẹ̀, nígbà tí gbogbo eré jẹ́ ti ìyè àti ikú? Tún wo 1991. Nígbà tí sáà dé ìdajì, Smoltz ti borí 2, ó ti pàdánù 11. Bobby Cox, tó ti kúrò lórí àga ọ̀gá tó ń ra agbábọ́ọ̀lù tó wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá, kò yọ ọ́. Wọ́n bá a wá onímọ̀ nípa ọkàn àwọn eléré, wọ́n ń rán an jáde lọ́jọ́ karùn-karùn-ún. Ó borí 12 nínú 14 tó kù, ó jù Pittsburgh mọ́lẹ̀ ní eré keje ìdíje tó ṣáájú World Series láì jẹ́ kí wọ́n gba ayò kan, ó sì gbé wọn dé eré keje World Series, níbi tó ti kojú Jack Morris, akọni tó ń wò ní Detroit nígbà tó wà ní kékeré, tó ti wá ń jù fún Minnesota. Ọ̀mì òdo sí òdo ni nígbà tí Smoltz fi eré náà sílẹ̀ ní ìpín kẹjọ. Minnesota borí 1-0 ní ìpín kẹwàá. Atlanta tọ́ ọmọ náà. Ara Smoltz tí a mọ̀ yìí, Atlanta ló mọ ọ́n.

Ibẹ̀ ni àléébù Tigers wà gẹ́gẹ́ bí èmi ṣe rí i. Tiwọn ni ọmọ náà. Lansing níbẹ̀ ló dàgbà sí, kò jìnnà sí wọn. Wọ́n san owó kó má baà lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Yunifásítì Michigan State. Ọdún méjì ló lò lábẹ́ wọn. Àwọn ló yẹ kó mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ, síbẹ̀ nọ́ńbà Glens Falls ni wọ́n rí. Àwọn Atlanta, tí wọ́n kàn wá wò ó láti òkèèrè, rí apá tó ń ju bọ́ọ̀lù bí ìbọn, wọ́n ní ìyókù ṣeé kọ́. Nígbà tí ikọ̀ tó ń pàdánù bá fi tayọ̀tayọ̀ gba ọmọ tó ní ERA 5.68 lọ́wọ́ rẹ, ó yẹ kó o dúró, kó o bi ara rẹ léèrè ohun tí wọ́n rí. Ìwọ tó o ni ilé ni àlejò wá ń fi igun ilé hàn. Àìmọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn yìí ni mo fi ń bá Tigers wí. Pípa tí wọ́n pa á dà fún Alexander kò sí nínú ẹ̀sùn mi.

Bó o bá ń wá pàṣípààrọ̀ tó gọ̀ lóòótọ́, mo ní méjì tó ju ti Detroit lọ. Ní August 1990, Boston ń bá Toronto du ìsọ̀rí kan náà yìí (Toronto mà rí nǹkan láyé o!), wọ́n gba Larry Andersen lọ́wọ́ Houston láti máa jù ní ìparí eré. Ìpín 22 péré ló jù fún wọn. Ó jù wọ́n dáadáa, ERA 1.23, Boston gba ìsọ̀rí náà pẹ̀lú eré méjì, Oakland nà wọ́n ní eré mẹ́rin sí òdo, Andersen sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ ni Jeff Bagwell, tó gbá hóòmù rọ́ọ̀nù 449 kó tó fẹ̀yìn tì, tó sì wọ Hall of Fame ní 2017. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti Smoltz ni pé Bagwell ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni máa kú lọ́jọ́ tí wọ́n tà á. Àmì títì ti wà nílẹ̀. Boston rò pé àwọn ti ní ẹni tó pọ̀ ní ipò rẹ̀. Ìpín 22! Ajùbọ́ọ̀lù tó ń bẹ̀rẹ̀ eré máa ń ju iye yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Èkejì ni ti 1964, nígbà tí Cubs fi Lou Brock gba Ernie Broglio lọ́wọ́ St. Louis. Gbogbo èèyàn ló dá a láre lọ́jọ́ náà, torí pé Broglio borí 18 lọ́dún tó ṣáájú, Brock kò sì tíì gbá ohun tó jọ ni lójú. Brock gba World Series pẹ̀lú St. Louis lọ́dún yẹn, ó jí béèsì 938 kó tó parí iṣẹ́. Broglio borí 7 péré fún Cubs ní sáà mẹ́ta. Lórí ìwé, ó jọ ti Smoltz: wọn kò lè mọ̀. Àmọ́ ìgúnpá Broglio ti ń dùn ún kí wọ́n tó rà á, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ẹni tó fẹ́ ra ajùbọ́ọ̀lù tí kò yẹ apá rẹ̀ wò, ẹjọ́ àkọ́kọ́ ti dá a lẹ́bi kí àbájáde tó dé rárá.

Nítorí náà, nígbà tí ikọ̀ rẹ bá tún ta ọmọ kan nítorí ajùbọ́ọ̀lù àgbà, má dúró ogún ọdún kó o tó sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti kéde rẹ̀, wo bí ọ̀nà ṣe jìn sí láàárín ikọ̀ rẹ àti ipò tó ń wá: ẹni tó fi eré kan ṣẹ́yìn ní ẹ̀tọ́ láti náwó ju ẹni tó fi mẹ́wàá ṣẹ́yìn lọ. Wo iye ìpín tí ẹni tí wọ́n rà á máa jù kí sáà tó parí. Bi ara rẹ léèrè ta ló mọ ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ jù, àwọn tó tà á ni àbí àwọn tó rà á. Kọ ìdájọ́ rẹ sílẹ̀, kó o fi ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, kó o tún un kà.

Ní ti ọkùnrin ibi iṣẹ́ rẹ, má bá a jà. Bi í pé báwo ni Alexander ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn Atlanta ná. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, sọ fún un: July 1986 ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ Toronto, ọmọ ajùbọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ Duane Ward ni wọ́n sì fi sílẹ̀. Oṣù 13 péré ni wọ́n lo Alexander kí wọ́n tó tún gbé e lọ. Ward di ọ̀kan nínú àwọn tó le jù lọ láti kojú ní ìparí eré. Ní 1993 nìkan, ìgbà 45 ló parí eré fún Toronto. Lẹ́yìn náà, kó o bi í léèrè eré kejì World Series 1992, tí wọ́n gbá nílé wọn ní Atlanta. Smoltz ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún Atlanta, ó sì fi ayò ṣíwájú sílẹ̀ nígbà tó jáde. Toronto yí i padà ní ìpín kẹsàn-án, wọ́n borí 5-4, ẹni tí wọ́n kọ ìborí náà sí lórúkọ ni Duane Ward. Òun náà ni wọ́n kọ ti eré kẹta sí, Toronto sì gba ife lọ.